Ọ̀nà, Owó àti Omi: Àgbéyẹ̀wò Bí Abomey-Calavi Ṣe Ń Náwó Ìlú

Lọ́dọọdún, bí òjò oṣù kẹfà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ohun tí àwọn ará Abomey-Calavi máa ń bi ara wọn ni pé ọ̀nà wo ló ṣì ṣeé gbà. Ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zemidjan níbẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè àdúgbò tí èrò ń lọ kó tó dá iye lé e. Àwọn òbí á wò ó bóyá ọmọ lè dé ilé ẹ̀kọ́ láì bọ́ bàtà. Ìlú yìí, ní orílẹ̀-èdè Benin, fara ti Kútọnu, ó wà létí ọ̀sà Nokoué, òpópónà tó ń gbé ẹrù láti èbúté lọ sí Parakou àti orílẹ̀-èdè Niger sì la àárín rẹ̀ kọjá. Owó tí wọ́n ti ná sórí ọ̀nà níbẹ̀ kò kéré, owó tí wọ́n ti ná sórí ẹ̀kún omi náà kò kéré. Kí ló dé tí ìyà kan náà fi ń padà wá?

Èsì tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Láti ayé ìjọba Faransé títí di àkókò tiwa, àpò ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń mú owó ọ̀nà, àpò ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń mú owó omi, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ kan náà ni ọ̀nà àti omi jọ ń rìn. Níwọ̀n ìgbà tí àpò méjèèjì kò bá pàdé, ohun tí ọwọ́ kan kọ́, òjò ni yóò máa wó o fún ọwọ́ kejì láti tún ṣe.

Omi méjì, ilẹ̀ kan

Abomey-Calavi jókòó sí ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ gíga Allada. Ilẹ̀ pupa ni, yanrìn àti amọ̀ tó dàpọ̀ mọ́ra, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní terre de barre. Ó dára fún àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ, ó sì máa ń fa omi mu dáadáa níwọ̀n ìgbà tí oko tàbí igbó bá wà lórí rẹ̀. Lápá ìlà-oòrùn, ilẹ̀ náà dagẹ̀rẹ̀ lọ sí ọ̀sà Nokoué, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi. Lápá gúúsù, ní Godomey, ilẹ̀ pupa ti tán, yanrìn etí òkun àti àbàtà ló gbapò rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ẹkùn mẹ́sàn-án: Abomey-Calavi fúnra rẹ̀, Akassato, Godomey, Golo-Djigbé, Hêvié, Kpanroun, Ouèdo, Togba àti Zinvié. Ẹ̀yà ilẹ̀ wọn yàtọ̀ síra, ìyà tí omi fi ń jẹ wọ́n náà sì yàtọ̀.

Omi àkọ́kọ́ ni ti òjò. Òjò ńlá máa ń rọ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, òjò kékeré sì ń tẹ̀lé e láti oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí òrùlé páànù àti ilẹ̀ oníkọ́ńkéré bá ti bo ibi tó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀, omi kò rí ilẹ̀ wọ̀ mọ́. Ó ń wá ojú ọ̀nà tó rọrùn jù, èyí tó sì rọrùn jù ní àdúgbò tí kò ní gọ́tà ni ọ̀nà tí èèyàn ń rìn. Bí ọ̀nà pupa tó dagẹ̀rẹ̀ ṣe ń di odò nìyẹn, tí àgbàrá ń gbẹ́ ẹ lọ́dọọdún títí ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi hàn síta. Bó bá dé ìsàlẹ̀, nínú ilẹ̀ àkùrọ̀, ibẹ̀ ni yóò dúró sí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Omi kejì kì í ṣe ti òjò Calavi rárá. Odò Ouémé, tó gùn ju 500 kìlómítà lọ, láti orí òkè ilẹ̀ àríwá ló ti ń bọ̀. Òjò tó rọ̀ lọ́hùn-ún ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ máa ń dé ìsàlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ọ̀sà Nokoué ló ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀sà náà kò tóbi ju nǹkan bí 150 kìlómítà níbùú-lóròó lọ lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì jìn. Ẹnu tóóró kan ní Kútọnu ni ọ̀nà àbájáde rẹ̀ sí òkun. Nítorí náà, ojú ọ̀run lè mọ́ gààrà kí omi sì wà nínú yàrá àwọn tó ń gbé etí ọ̀sà.

Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣètò owó fún ìlú yìí fi ìyàtọ̀ omi méjèèjì sọ́kàn. Gọ́tà tó ń kó omi òjò lọ sínú ọ̀sà wúlò ní oṣù kẹfà, nígbà tí ọ̀sà ṣì wálẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, tí ọ̀sà bá ti ga ju ẹnu gọ́tà lọ, omi kò ní lè jáde mọ́, ó tilẹ̀ lè gba inú gọ́tà náà padà wọ àdúgbò.

Ọ̀nà tí wọ́n là fún ẹrù

Ìtàn iṣẹ́ ìlú ní agbègbè yìí, ọ̀rọ̀ omi náà ló ṣíde rẹ̀. Ní 1885, àwọn Faransé la yanrìn tó pààlà sáàárín ọ̀sà Nokoué àti òkun ní Kútọnu, kí ẹ̀kún omi má baà máa bo ìlú èbúté náà. Omi rí ọ̀nà jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ rí ọ̀nà wọlé, ọ̀sà tí àwọn apẹja Calavi, Ganvié àti Sô-Ava ń jẹ nínú rẹ̀ sì yí padà títí láé. Iṣẹ́ yẹn gba ibi tí òwò wà, àwọn tó ń gbé òdìkejì ọ̀sà ló sì gba àtúbọ̀tán rẹ̀.

Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ ọba Dahomey, ojú irin ni wọ́n gbájú mọ́. Ní 1900 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, láti Kútọnu gba Godomey àti Pahou lọ sí òkè, títí tó fi dé Parakou ní àwọn ọdún 1930, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 438 kìlómítà. Àwọn ọ̀nà ilẹ̀ tó ń gbé epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ wá bá ojú irin, àwọn ará ìletò ni wọ́n fipá mú láti là wọ́n àti láti máa tún wọn ṣe, láì sanwó fún wọn. Ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso tó jáde. Ó yẹ ká rántí èyí nígbà tí a bá ń sọ pé ìlú kò ná nǹkan kan sórí ọ̀nà láyé àtijọ́: àwọn baba ńlá ló fi eegun ara san owó náà.

Èbúté olómi jíjìn ti Kútọnu ṣí ní 1965, ọkọ̀ ẹrù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú irin. Òpópónà ńlá méjì ló fi Godomey ṣe oríta: èyí tó gba etí òkun láti ẹnubodè Togo dé ẹnubodè Nàìjíríà, àti èyí tó gba Calavi, Akassato, Allada àti Bohicon lọ sí Malanville. Oríta náà ni wọ́n kọ́ afárá alásopọ̀ sí nígbà ìjọba Ààrẹ Boni Yayi, láti dín sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kù. Àǹfààní ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn náà látòkèdélẹ̀, ìlànà kan ló ń tẹ̀lé: ẹrù tó ń kọjá lọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò, ará ìlú tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, òpópónà tí wọ́n kó yẹ̀ẹ̀pẹ̀ sí títí tó fi ga ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ, ìsé ló jẹ́ fún àgbàrá, àfi tí kọ́lífátì tó tóbi tó bá wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìlú tó dàgbà ju orúkọ rẹ̀ lọ

Ní 1970 ni wọ́n dá yunifásítì orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ ní Calavi, èyí tó ń jẹ́ Yunifásítì Abomey-Calavi lónìí. Ó fa akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, ilé àyágbé àti ọjà wá. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ Kútọnu kún, tí owó ilé ibẹ̀ sì ga. Ìkànìyàn fi hàn kedere: ní 2002, Kútọnu ní 665,100 ènìyàn; ní 2013, 679,012. Láàárín ọdún 11 kan náà, Abomey-Calavi kúrò ní 307,745 ó sì di 656,358. Kútọnu fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, Calavi sì ju ìlọ́po méjì lọ.

Báwo ni irú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe rí ilẹ̀? Àwọn ìdílé onílẹ̀ gé oko wọn sí pulọ́ọ̀tì, wọ́n tà á, ilé dé kí ètò ìlú tó dé. Nígbà tí ìjọba bá wá ń pín àdúgbò ní ìlànà òfin, àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní von yóò gba ibi tí wọ́n bá rí gbà láàárín ilé tó ti wà nílẹ̀. Ojú omi kì í sábà rí ààyè. Ilẹ̀ àkùrọ̀ tó ń gbowó díẹ̀ ni tálákà rà, nítorí náà tálákà ni omi ń kọ́kọ́ wọlé tọ̀. N kò lè bá ẹnikẹ́ni gbà pé àìgbọ́n ni. Olùkọ́ tàbí aránṣọ tí owó rẹ̀ kò tó ilẹ̀ gíga, tó sì fẹ́ kúrò lọ́wọ́ onílé, ohun tí ọjà tà fún un ló rà, láìsí ẹnikẹ́ni nínú ìjọba tó dá a dúró.

Òfin náà kò tètè rí ìlú yìí bó ṣe jẹ́. Nígbà tí òfin ìjọba ìbílẹ̀ jáde ní oṣù kìíní 1999, ìlú mẹ́ta péré ló fún ní ipò àkànṣe: Kútọnu, Porto-Novo tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́, àti Parakou. Abomey-Calavi kò sí níbẹ̀. Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní òpin 2002, àwọn mẹ́yọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003. Calavi gba irinṣẹ́ ìlú kékeré láti fi ṣàkóso ibi tó ti ń di ìlú ńlá.

Ọdún tí omi sọ òótọ́

Ní ìparí 2010, omi méjèèjì pàdé. Òjò pọ̀, Ouémé kún àkúnya, ẹ̀kún omi sì kan 55 nínú ìjọba ìbílẹ̀ 77 tó wà ní Benin. Nǹkan bí 680,000 ènìyàn ló kàn, ènìyàn 46 ló kú. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láti 1963. Àyẹ̀wò tí ìjọba àti Báńkì Àgbáyé jọ ṣe lẹ́yìn náà fi ìbàjẹ́ àti òfò sí nǹkan bí 262 mílíọ̀nù dọ́là.

Ní 2011, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 50 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò pàjáwìrì kan tí wọ́n ń pè ní PUGEMU, fún Kútọnu àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀, tí Abomey-Calavi wà lára wọn. Wọ́n là gọ́tà ńlá, wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí àti ìmúrasílẹ̀ fún àjálù gbé yẹ̀ wò. Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí owó náà ṣe rí: ohun tí omi bàjẹ́ ní ọdún kan ju owó ètò náà lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Ẹ tún wo orúkọ tó ń jẹ́: pàjáwìrì. Omi tó ń bọ̀ lọ́dọọdún, ní oṣù tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ni wọ́n ń náwó sí bí ẹni pé àlejò òjijì ni.

Ọ̀dà dé, omi ń wá ibi tí yóò gbà

Lẹ́yìn 2016, ìjọba Ààrẹ Patrice Talon gbé ètò kan kalẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Asphaltage, fún ìlú mẹ́sàn-án, Abomey-Calavi pẹ̀lú, pẹ̀lú ìlérí ọ̀nà tó ju 600 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá ti rin Calavi ṣáájú ètò yìí àti lẹ́yìn rẹ̀ kò ní jiyàn pé ó mú ìyípadà wá. Wọ́n da ọ̀dà tàbí wọ́n to òkúta ìtẹ́lẹ̀, wọ́n la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ri iná, wọ́n ṣe ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò máa gbà. Gọ́tà wà nínú iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ ká gbóríyìn fún wọn lórí èyí.

Ìbéèrè tó kù ni ibi tí gọ́tà náà ń lọ. Omi tó ti ń wọ ilẹ̀ pupa díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀nà tuntun ń kó o jọ, ó sì ń sáré gbé e lọ síwájú. Bí gọ́tà ńlá tó lè gbà á kò bá sí ní ìsàlẹ̀, tàbí adágún tí wọ́n gbẹ́ láti dá omi dúró, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn gbọ́n omi kúrò nínú ilé tirẹ̀ tó sì dà á sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Ọ̀nà tó dára ní òkè a wá di ẹ̀kún omi ní ìsàlẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí kò rí ọ̀dà kankan gbà.

Kútọnu ti rí irú gọ́tà ńlá bẹ́ẹ̀ gbà. Ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún omi òjò rẹ̀, tí àwọn báńkì àti àjọ ilẹ̀ òkèèrè bíi mélòó kan jọ dá sí, ju 200 bílíọ̀nù sẹ́fà lọ. Ṣùgbọ́n Agla, àdúgbò Kútọnu tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ omi, bá Godomey pààlà, omi kò sì mọ ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ kan parí sí. Ní òkè, ilẹ̀ iṣẹ́ ńlá ti Golo-Djigbé gba 1,640 hẹ́kítà, ilé tí ìjọba ń kọ́ sí Ouèdo sì ń sọ oko di òrùlé. Iṣẹ́ tó ń fún ọ̀dọ́ ní oúnjẹ àti ilé tó ń bo ènìyàn lórí ni, èmi náà sì fẹ́ kí wọ́n gbèrú. Síbẹ̀, omi tí ilẹ̀ yẹn kò mu mọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò ẹnì kan.

Ta ni yóò kó iyanrìn kúrò nínú gọ́tà?

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìtọ́jú ni àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí kò ní ọjọ́ ìṣílé. Lórí ilẹ̀ pupa, òjò kan ṣoṣo lè gbé iyanrìn tó pọ̀ wọ gọ́tà. Bí wọn kò bá kó o kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, gọ́tà yóò dí, omi yóò gorí ọ̀dà, ọ̀dà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó láti etí.

Owó ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀, FADeC, ni ìjọba dá sílẹ̀ ní 2008 láti máa fún àwọn mẹ́yọ̀ lówó iṣẹ́. Owó mìíràn rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe òfin oṣù kejìlá 2021, èyí tó tún gbé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ lé akọ̀wé àgbà tó jẹ́ oníṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́. Lápá kejì, àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ ló ń gbé iṣẹ́ ọ̀nà ńlá fún agbaṣẹ́ṣe. Iṣẹ́ yá, ó sì dára jù ti ìṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ kì í ṣe ẹni tí yóò máa tọ́jú, ẹni tí yóò sì máa tọ́jú kò sí níbi tí wọ́n ti pín owó. Ní àwọn von tí kò sí lójú ètò kankan, ará àdúgbò ló ń dá owó jọ ra yẹ̀ẹ̀pẹ̀ pupa. Níbi tí agbára kò ti ká a, àfọ́kù bíríkì àti ìdọ̀tí ni wọ́n fi ń dí kòtò, èyí tí àgbàrá yóò tún kó lọ dí gọ́tà níwájú. Ilé iṣẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí ní ìlú márùn-ún agbègbè tí wọ́n ń pè ní Grand Nokoué ti mú kí èyí dín kù, ìyẹn sì fi hàn pé owó ìdọ̀tí náà, owó ọ̀nà ni.

Ohun tí àwọn ìlú mìíràn fi kọ́ wa

Ìbàdàn ti san owó ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, Ògùnpa ya wọ ìlú, ó sì gbé ènìyàn, ilé àti afárá lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omíyalé tún dé, ó pa ènìyàn tó ju 100 lọ. Láàárín ọdún 31 yẹn, ilé ń pọ̀ sí i ní etí odò, afárá tó kéré sì ń dá omi dúró. Lẹ́yìn ti 2011 ni wọ́n yá 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ sì ni pé afárá, kọ́lífátì, ojú odò, ìdọ̀tí àti àwòrán ètò omi gbogbo ìlú ló wọ inú ìwé kan náà. Ní Ouagadougou, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2009, òjò tó tó mìlímítà 263 rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì lé nǹkan bí 150,000 ènìyàn kúrò nílé. Kò sí odò ńlá kankan níbẹ̀. Ìlú tó kún, tí gọ́tà rẹ̀ kò tó, ni.

Ní 2019, Báńkì Àgbáyé gbé ìṣirò kan jáde pé, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, dọ́là kan tí a bá fi kún iṣẹ́ kí ó lè fara da àjálù máa ń mú àǹfààní nǹkan bí dọ́là mẹ́rin wá. Ìlú tó fẹ́ ṣọ́ owó ná, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Èrò mẹ́ta àti ìdájọ́ kan

Bí a bá tẹ́tí sí àríyànjiyàn ní Calavi, ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Àwọn kan ní kí ìjọba ṣáà máa da ọ̀dà, nítorí ọ̀nà ló ń gbé ọjà àti aláìsàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ wọ́n gbàgbé àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀. Àwọn kejì ní kí wọ́n kó gbogbo ẹni tó kọ́lé sí ilẹ̀ àkùrọ̀ kúrò. Níbi tí ẹ̀mí wà nínú ewu, kò sí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n kí a lé ìdílé tó ra ilẹ̀ lójú gbogbo ayé láì fún wọn ní ibòmíràn, ìwà ìkà ni, ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀jú ní òkèèrè ni wọn yóò sì tún lọ kọ́lé sí. Àwọn kẹta ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣètò omi, kí ọ̀nà máa tẹ̀lé e. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ní iṣẹ́ ṣíṣe kò ṣòro láti tò. Kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí owó ọ̀nà kankan láì fi ibi tí omi rẹ̀ yóò parí sí hàn, àti ẹni tí yóò gbà á níbẹ̀. Kí Calavi, Kútọnu, Sô-Ava àti àwọn aládùúgbò wọn ní àwòrán omi kan ṣoṣo, nítorí ọ̀sà kan náà ni gbogbo wọn ń da omi sí. Kí wọ́n ya ilẹ̀ tí omi ń gbà sọ́tọ̀ ní Ouèdo, Hêvié, Zinvié àti Golo-Djigbé báyìí, nígbà tí oko ṣì wà níbẹ̀, torí owó tí wọ́n yóò fi rà á lónìí kò tó ìdá kékeré nínú owó tí wọ́n yóò fi wó ilé lórí rẹ̀ lọ́la. Kí owó ìtọ́jú gọ́tà máa wọ àpò ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọọdún kí oṣù kẹta tó parí, kí wọ́n sì lẹ iye rẹ̀ àti orúkọ àwọn àdúgbò tó kàn mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú, kí ará ìlú lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Àwọn àgbà ti pa á lówe pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àwọn onílé Calavi ti sa gbogbo agbára wọn láti má gbà: wọ́n ti kó yẹ̀ẹ̀pẹ̀, wọ́n ti mọ ìgànná, wọ́n ti gbọ́n omi lóru. Ìjọba tó ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn ló kù tí yóò bá wọn dí i, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ìṣúná tó ń bọ̀, níbi tí owó ọ̀nà àti owó omi gbọ́dọ̀ ti wà lójú ewé kan náà.